Píkọ́ọ̀pù Ìyá Oníbúrẹ́dì Tí Kò Fẹ́ Jí Láàárọ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin wa lánàá, títì ni wọ́n tì í wọlé. Mi ò bù mọ́ ọn. Mo jókòó sídìí tábìlì mi ní gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́, níbi tí mo ti ń kọ ìwé ẹjọ́ fún Baálẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu géètì. Nígbà tí màá fi yọjú, àwọn obìnrin mẹ́fà tí ìyẹ̀fun kún ọwọ́ wọn dé ìgúnpá ni mo rí, wọ́n dawọ́ jọ wọ́n ń ti píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ní àwọ̀ aró. Ọ̀gá wọn, Ìyá Oníbúrẹ́dì, ló jókòó sídìí sítíárìn, ojú rẹ̀ le bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Ó darí ọkọ̀ náà dé iwájú àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn gan-an, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí òun àkọ́kọ́ ti dé.

Mo bi í pé ta ni ẹlẹ́rìí náà. Ó nawọ́ sí ọkọ̀.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ tẹ̀lé wọn wọlé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ríwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, ní ìsọ̀ onípáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Píláyà wà lápò ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi gílóòbù kékeré tó fi ń dán iná wò kọ́ ọrùn pẹ̀lú wáyà rẹ̀, àfi bíi dókítà.

Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni Bàbá Póòsì, ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó ń ya létà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìlú tí wọ́n ń lọ, kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ki bírò bọ àpò àyà. Mo bi í pé ẹlẹ́rìí ta ni kí n kọ ọ́ sí, ṣé ti ìyàwó rẹ̀ ni tàbí ti Ríwáyà.

“Ẹ kọ mí sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì,” ó ní. “Àwọn méjèèjì ló pè mí.”

Ó wá lọ jókòó sáàárín gbùngbùn bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún, ó fi sílẹ̀ lósì.

Kò pẹ́ tí Baálẹ̀ fi jáde sí wa pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọ̀tún jókòó tì í lápá ọ̀tún. Ọ̀tún yìí ti ní alùpùpù rí, ó tó ogún ọdún sẹ́yìn, láti ìgbà náà ló sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ohun tó ní táyà tí òun ò mọ̀dí ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan, ó ti wo píkọ́ọ̀pù náà látòkè délẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì ti sọ ohun tó ń ṣe é.

“Bátìrì ni,” Ọ̀tún wí.

Baálẹ̀ ní kó jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ ná.

Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí píkọ́ọ̀pù náà ti ń gbé búrẹ́dì òun, kò sì fi òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn ni àyípadà dé. Bí òun bá tẹ bíréèkì, họ́ọ̀nù á dún. Bí òun bá tan iná pé òun fẹ́ yà sósì, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì nínú oòrùn ganrínganrín. Ó ní òun fara dà á títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òun ń wọ ọgbà hòsípítù. Ọ̀gá dókítà ni ó ń ré títì kọjá. Òun rọra tẹ bíréèkì láti bọ̀wọ̀ fún un, họ́ọ̀nù sì ké mọ́ ọn nídìí, bàbá ńlá bẹ́ẹ̀ sì bẹ́ sínú gọ́tà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ọjọ́ yẹn lòun gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ríwáyà. Òun gbà pé ó ṣiṣẹ́ o. Ọjọ́ méjì ló fi ń tú wáyà kiri kó tó rí ìdí ọ̀rọ̀: wáyà kan wà tó so iná mọ́ irin ara ọkọ̀, ìpáta ti jẹ ẹ́ tán, kò wá sí ibi tí iná á gbà padà mọ́, ni iná bíréèkì bá ń wá ọ̀nà gba ilé họ́ọ̀nù. Ó pààrọ̀ wáyà náà. Ọkọ̀ tún ìwà ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí òun yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n tì í lọ sí ìsọ̀, Ríwáyà jí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò tún sọ nǹkan kan. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yìí fíúsì ni, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nọ́ọ̀tì tú lórí bátìrì, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní sítátà, irin tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí, ló ti kú, kí wọ́n lọ wá òmíràn lọ́jà páàtì.

“Kábíyèsí,” ó ní, “ọkùnrin yìí ti so ọkọ̀ mi mọ́ ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Bó ṣe ń tún ibì kan ṣe ló ń tú ibòmíràn sílẹ̀, kí n lè máa padà wá.”

Ó wá fa létà kan yọ nínú àpò, ó sì ní kí n kà á sókè. Láti hòsípítù ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago méje àárọ̀ ló yẹ kí búrẹ́dì àwọn aláìsàn máa dé. Pé ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín oṣù méjì. Pé bó bá tún fi lè pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á wá ẹlòmíràn tí á máa gbé búrẹ́dì wá. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní àárọ̀ àná náà ni ọkọ̀ tún kọ̀, aago mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó rí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó gbé búrẹ́dì débẹ̀. Ó ní obìnrin mẹ́rìnlá ló ń jẹun nídìí ààrò òun, bí hòsípítù bá sì lọ, òun ò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ sọ fún pé kó máa lọ sílé.

Bí mo ṣe ń ká létà náà padà, mo rí Bàbá Póòsì lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti sorí kọ́, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Baálẹ̀ bi Ríwáyà pé kí ló ní í sọ. Ríwáyà dìde, ó tọ́jú gílóòbù ọrùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ò tú nǹkan kan sílẹ̀ lára ọkọ̀ náà rí, àfi èyí tí òun fẹ́ tún ṣe. Ọ̀tún bi í pé ṣé ó ti wo bátìrì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti wò ó, tuntun ni, òun fi gílóòbù dán an wò, ó sì tàn yòò. Ọ̀tún ní kó tún un wò.

Baálẹ̀ ní bí kò bá tú u, kí ló wá dé tí ọkọ̀ ò fi ń jí nílé ìyá yìí, tó jẹ́ pé gẹ́rẹ́ tó bá dé ìsọ̀ ló ń jí?

Ríwáyà fọwọ́ ra orí. Ó wo Bàbá Póòsì, ó wo òrùlé.

“Kábíyèsí, ọkọ̀ náà fẹ́ràn mi ni.”

Baálẹ̀ ní kó tún un sọ. Ríwáyà ní ọkọ̀ tó bá ti dàgbà máa ń mọ ọwọ́. Ó ní ìyá náà máa ń yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ ya ọrùn adìyẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ àgbà, èèyàn gbọ́dọ̀ kí i ná. Ó ní òun máa ń fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, òun á ní, ‘Màmá, ẹ kú àárọ̀,’ kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan.

“Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀?” mo bi Baálẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ wínníwínní.

Ó kan Bàbá Póòsì láti jẹ́rìí. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kọ́kọ́ yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, ọkọ̀ kì í jí láàárọ̀. Ó wá yíjú sí Ríwáyà, ó ní òótọ́ ni ohun tí òun náà sọ, kò tú nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ nítorí pé òun máa ń wà ní ìsọ̀ náà láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ojú òun sì ń tó gbogbo nǹkan.

Baálẹ̀ bi í pé bí Ríwáyà kò bá tú u, tí Ìyá Oníbúrẹ́dì kò sì tú u, ta ló wá ń tú u?

“Eku ni mo rò pé ó jẹ́, Kábíyèsí.”

“Eku ń jẹ wáyà, mo gbà. Ṣé eku a máa yọ fíúsì?”

Bàbá Póòsì rò ó dáadáa. “Eku tó bá gbọ́n,” ó ní.

Ọ̀tún mi orí bí ẹni tí irú eku bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé rẹ̀ rí. Mo rí i pé Baálẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ ọn.

Ríwáyà ní òun ní ẹlẹ́rìí kan tí á fi hàn pé òtítọ́ inú ni àwọn fi ń wá páàtì ọkọ̀ náà. Wọ́n pe Ìyá Onípáàtì wọlé. Òun ló ni ìsọ̀ kẹta lójú ọ̀nà àbáwọlé ọjà páàtì, níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wò bí ẹni tú àpótí aṣọ. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó sanra, ó kí gbogbo ilé kan lẹ́yìn kan, ó kí èmi náà. Kò mọ ohun tí wọ́n ti sọ kó tó dé.

Baálẹ̀ bi í pé ṣé ó mọ Bàbá Póòsì. Ó ní kí ló dé tí òun ò ní mọ̀ ọ́n? Ó ní nínú gbogbo ẹni tó ń wá páàtì, kò sí ẹni tó dà bíi rẹ̀. Ó ní ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó kọ àwọ̀ gbogbo wáyà ọkọ̀ náà sí, èyí tó jẹ́ pupa ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní ọjọ́ Ajé tó kọjá ló wá wá sítátà, nítorí pé ọkọ̀ kọ̀, kò jí rárá. Irú ọkọ̀ náà, wọn ò ṣe é mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, torí náà àwọn jọ wá a gba ìlà ìsọ̀ mẹ́ta. Èyí tí àwọn kọ́kọ́ rí, eyín rẹ̀ ti jẹ. Èkejì, ti ọkọ̀ míì ni wọ́n kun lọ́dà kó lè jọ ọ́, Bàbá ló sì já a. Kó tó di ọ̀sán, àwọn rí èyí tó pé, tókunbọ̀ gidi, nínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

“Bàbá yìí ṣèèyàn,” ó ní. “Ọjọ́ yẹn gan-an, òkú bátìrì méjìlá wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á, mi ò rí ọkọ̀. Òun ló kó o sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ fún mi, tó sì gbé e débẹ̀.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé orí sókè.

Baálẹ̀ rọra bi Ìyá Onípáàtì pé ẹ̀yìn ọkọ̀ wo.

“Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó gbé wá náà ni.” Ó yíjú síta, ó sì nawọ́. “Píkọ́ọ̀pù aláró tí ẹ gbé síta yẹn.”

“Èyí tó kọ̀ tí kò jí?”

“Ẹ̀n. Èyí tó wá wá sítátà fún.”

Ìyá Onípáàtì ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó sọ ọ́. Ìgbà tó rí i pé kò sí ẹni tó ń bá a rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde wọ̀ ọ́ létí. Ó jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀tún nìkan ni kò tíì yé, ó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé ibo ni ọkọ̀ náà ti wá rí sítátà tó fi lọ ra sítátà.

Baálẹ̀ kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn pe Bàbá Póòsì súnmọ́ tòsí, ó sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bàbá, kí ló wà nínú àpò yín?”

Bàbá Póòsì ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú aṣọ ìnujú funfun kan jáde, ó tú u sórí tábìlì mi. Fíúsì kan ló wà níbẹ̀, àti nọ́ọ̀tì bátìrì méjì. Ó ti nu gbogbo wọn, wọ́n ń dán.

Baálẹ̀ ní kí Ríwáyà lọ dá àwọn nǹkan náà padà sí àyè wọn. Kò gba àkókò tí èèyàn fi ń mu ife omi kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló lọ yí kọ́kọ́rọ́, kò sì yí i bí ọrùn adìyẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ̀ náà jí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó tì í wá wo ara wọn, wọ́n wo ọwọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì padà wọlé, kò lọ síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ó lọ dúró níwájú ọkọ rẹ̀. Gbogbo wa rò pé ilé á gbóná. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀.

“Kí ni mo fi ṣe yín?”

Bàbá Póòsì ní kò fi nǹkan kan ṣe òun, oore ló ṣe òun, oore yẹn ló pọ̀ jù. Ó wá ṣàlàyé fún Baálẹ̀. Ó ní nígbà tí orúnkún òun bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí dókítà ní kí òun sinmi, ìyàwó òun gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní òun á máa wà á fúnra òun. Ó dára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí òun bá mú ìgbálẹ̀ nílé búrẹ́dì, wọ́n á gbà á. Bí òun bá fẹ́ ka búrẹ́dì, wọ́n á ní àwọn ti kà á. Bí òun bá tilẹ̀ dìde dúró, wọ́n á gbé àga wá. Ó ní òun ti jókòó sórí gbogbo àga tó wà nínú ilé náà, òun mọ èyí tó ń dún.

“Ìgbà tí ọkọ̀ bàjẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n dúró tì í ní ìsọ̀,” ó ní. “Ríwáyà wà nínú ọkọ̀, ó ń tẹ nǹkan. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ bá mi wo iwájú, ṣé ó tàn?’ Òun ò lè rí i níbi tó wà. Èmi nìkan ni mo rí i. Bí mo bá ní ó tàn, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú. Bí mo bá ní kò tàn, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Kábíyèsí, ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dúró nítorí ohun tí mo sọ.”

Ó ní wáyà ò sì yàtọ̀ sí létà lójú òun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń lọ, bí èyí kan bá sì ṣìnà, ilé kan á wà nínú òkùnkùn. Ọjọ́ tí Ríwáyà tún ọkọ̀ ṣe tán tó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, òun dé ilé, wọ́n gbé àga wá. Ọjọ́ kẹrin, òun yọ fíúsì.

Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun máa ń rò pé wọ́n á rí ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé búrẹ́dì, pé kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Mi ò mọ̀ nípa létà hòsípítù. O ò fi hàn mí.”

“Dókítà ní kí ẹ sinmi,” Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. “Mi ò fẹ́ kí ẹ ronú.” Ó wá ní, “Létà nìkan sì ni iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ju gbogbo wa lọ.”

Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, nínú ọ̀kan lára àwọn àyè tí ọkọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀.

Ríwáyà rò pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn òun, ó ti ń kó gílóòbù rẹ̀ jọ. Baálẹ̀ ní kó dúró. Ó ní ẹni tó ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé kò mọ̀ pé fíúsì kì í rìn?

Ríwáyà wo ilẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kẹta lòun ti fura, òun fi ọ̀dà pupa sàmì wínníwínní sórí nọ́ọ̀tì bátìrì, kí òun lè mọ̀ bí ọwọ́ èèyàn bá kàn án, ọ̀dà náà sì họ. Ó ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń sọ yẹn pàápàá, abẹ́ ọkọ̀ kan lòun wà nígbà tí òun gbọ́ tí píkọ́ọ̀pù jí, tó sì jáde.

“O gbọ́, o sì dákẹ́?”

“Ìró ẹ́ńjìnnì ni mo gbọ́, Kábíyèsí. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Mo dijú.”

Baálẹ̀ bi í pé nítorí kí ni. Ríwáyà ní iṣẹ́ iná ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, bí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀ kò lè wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ pípẹ́ ni òun ti ń tẹ iná, tí òun ń sáré bọ́ sílẹ̀ lọ wò ó, tí òun tún ń sáré padà. Ó ní bàbá yìí sì ti kọ gbogbo wáyà sínú ìwé, òun kì í ṣi wáyà kankan mú mọ́. Ó ní àti pé ní ọ̀sán, ìsọ̀ náà máa ń dákẹ́ jù.

Baálẹ̀ kó ìgbìmọ̀ rẹ̀ wọ yàrá kejì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. A ń gbọ́ ohùn Ọ̀tún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n fi bátìrì kún ìdájọ́ náà, lọ́nà kan ṣáá. Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo wa dìde, Baálẹ̀ sì ní kí n fara balẹ̀ kọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ó ní ààfin dá Ìyá Oníbúrẹ́dì láre. Láti òní lọ, Bàbá Póòsì àti Ríwáyà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan píkọ́ọ̀pù náà, àfi tó bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Bí fíúsì kan bá tún sọnù lára rẹ̀, àwọn méjèèjì á fi orí ru búrẹ́dì hòsípítù, wọ́n á sì débẹ̀ kí aago méje tó lù. Bí búrẹ́dì kan bá jábọ́, wọ́n á padà sílé lọ gbé òmíràn.

Ó ní ààfin á kọ létà sí hòsípítù pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ló fa gbogbo ìpẹ́ yẹn, àti pé ó ti tán. Bàbá Póòsì ni á mú létà náà lọ lọ́wọ́ ara rẹ̀, lónìí, á sì dúró gba èsì.

Lẹ́yìn náà ló sọ apá kejì. Ó ní ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná ààfin yìí, tí bàbá òun tó jẹ Baálẹ̀ kí òun tó jẹ fi sílẹ̀? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Igi ìbẹ́pẹ ti hù láàárín ibi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà, adìyẹ ló sì ń yé lórí ìjókòó dírẹ́bà. Kò sí wáyà kan tó so mọ́ òmíràn lára rẹ̀.

“Mo dá ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì lẹ́bi,” Baálẹ̀ wí. “Ìjìyà yín ni pé ẹ ó tún ọkọ̀ náà ṣe. Ìyá Onípáàtì á máa bá yín wá páàtì rẹ̀. Ẹ ó máa wá lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti dé hòsípítù. Bó bá fi lè jí kí ọdún mẹ́ta tó pé, màá tún ránṣẹ́ pè yín.”

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni kí n kọ sílẹ̀ pé iṣẹ́ náà á parí.

“Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.”

Ríwáyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Póòsì mú bírò àpò àyà rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ní ìwé tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, nítorí ọkọ̀ tí wọn ò mọ wáyà rẹ̀ á gba ojú ewé púpọ̀. Mo fún un ní odindi ìwé kan. Ìyàwó rẹ̀ bá a nu ìyẹ̀fun tó ta sí i ní èjìká, ó ní òun á gbé e dé hòsípítù, ṣùgbọ́n bí orúnkún bá ń dùn ún kó sọ o, kó má fi pamọ́. Bàbá ní òun á sọ. Ó ní òun náà á máa ka gbogbo létà tó bá wọ ilé. Obìnrin náà ní ó di dandan.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá Póòsì ti mú èsì dé. Hòsípítù gbà láti fún wọn ní oṣù kan sí i. Àárọ̀ yìí, mo gbọ́ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ni búrẹ́dì ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwọn tó yẹ kó gbà á kò tíì jí.

Ẹjọ́ mìíràn ṣì wà nílẹ̀ lánàá, àwọn alájọgbé méjì tó ń jà lórí okùn ìsáṣọ. Mo ní kí wọ́n jókòó de Baálẹ̀. Wọ́n jókòó títí, Baálẹ̀ kò jáde. Mo lọ wá a nínú ilé, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bá a, ó ti fi fìlà kọ́ dígí ọkọ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú Ríwáyà pé họ́ọ̀nù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Mo sọ fún un pé àwọn èèyàn ń dúró.

“Sọ fún wọn kí wọ́n padà wá lọ́la,” ó ní. “Kí o sì bá mi gbé àpótí ìjókòó kan bọ̀.”